Omi tí Mo Sẹ́ fún Ẹja Mesíyé

Oṣù kan gbáko ni mo fi ń da omi nù kí ọwọ́ mi tó yé gbọ̀n. Gbogbo àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, garawa mẹ́rin. Mesíyé, baba arúgbó Faransé tí mò ń bá ṣiṣẹ́, á jókòó sórí àga rẹ̀, á máa fi ọ̀pá ìtilẹ̀ rẹ̀ júwe ibi tí n ó ti rọ́bà bọ̀, omi á máa ṣàn jáde láti inú àpótí gíláàsì ńlá tí ẹja rẹ̀ wà sínú garawa, n ó sì gbé e lọ sí balùwẹ̀ lọ dà á nù. Omi tó mọ́ gaara, tí èèyàn ń rí ìdí garawa nínú rẹ̀. Ẹni tí wọ́n bí ní Okpomèta, abúlé wa lẹ́bàá Kétu, níbi tí kànga ti jìn débi pé okùn á bó ọwọ́ ẹni kí omi tó dókè, ẹ wá ní kó dúró kó máa wo omi mímọ́ bó ṣe ń wọ ihò lọ!

"Iyọ̀ ni, Madamu," ni Mesíyé wí ní ọjọ́ àkọ́kọ́, nígbà tó rí i pé mo gbé garawa dání tí n kò dà á. "Kò ṣeé mu."

Mo mọ̀ pé iyọ̀ ni. Èmi fúnra mi ni mo po iyọ̀ mọ́ ọn ní ọjọ́ tó ṣáájú. Ṣùgbọ́n ọwọ́ ní ohun tí òun náà mọ̀. Nílé wa, omi tí a fi ṣan ìrẹsì, ewúrẹ́ ló ń mu ún. Èyí tí a fi wẹ ọmọ, ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀ ló ń lọ. Ìyá mi kì í na ọmọ nítorí àwo tó fọ́, àmọ́ ó ń na ọmọ nítorí omi. Bí ọmọ bá da omi nù lójú ọ̀nà, á ti máa sunkún bọ̀ kó tó délé, torí ó mọ ohun tó ń dúró dè é.

Ìlú tí èyí ti ṣẹlẹ̀ wà láàárín ilẹ̀ Faransé, lórí òkè bíi ti Kétu, òkun sì jìnnà sí i. Bí mo ṣe débẹ̀ kò dùn-ún gbọ́, ẹ jẹ́ ká fò ó. Ọdún méjì ni mo fi sùn sórí bẹ́ẹ̀dì tẹ́ẹ́rẹ́ kan nínú yàrá Tantí Sidoní, obìnrin Fọ̀n ará Bohicon tó ń tọ́jú àwọn arúgbó, mo sì ń fọ abọ́ lẹ́yìn ilé oúnjẹ kan títí èékánná mi fi rọ̀. Òtútù jẹ mí níyà, àmọ́ mo ti gbọ́ ìròyìn òtútù kí n tó dé. Ti ìkíni ni ẹnikẹ́ni kò sọ fún mi. Mo kí obìnrin kan lórí àtẹ̀gùn ilé wa ní àárọ̀ mẹ́ta léra. Lọ́jọ́ kẹta ló bojú wẹ̀yìn wò bóyá ẹlòmíràn ni mò ń kí. Láti ìgbà náà ni mo ti ń kí ara mi nínú dígí. Ẹ kú àárọ̀ o. Ṣé dáadáa la jí? Ará ilé ńkọ́? Ẹ lè rẹ́rìn-ín. Èmi náà ń rẹ́rìn-ín nígbà yẹn.

Tantí Sidoní ló wá iṣẹ́ Mesíyé fún mi. Mesíyé ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Awò ojú ló ń ṣe tà nígbà tí ara rẹ̀ ṣì le. Ìyàwó rẹ̀ ti kú. Ohun tí ìyàwó náà fi sílẹ̀ ni àpótí gíláàsì yìí, tó gùn ju bẹ́ẹ̀dì mi lọ, tó kún fún omi iyọ̀, ẹja àti iyùn. Ọwọ́ Mesíyé ti ń gbọ̀n, kò lè gbé garawa mọ́. Ọwọ́ ló ń wá, ó sì rí tèmi.

Iyùn, ẹ gbọ́ o. Nílé wa, ọrùn ọba la ti ń rí iyùn, àti ọrùn ìyàwó tí ilé rẹ̀ rí jájẹ. Òkúta ni mo kà á sí láti ìgbà tí mo ti dáyé. Mesíyé bá gbé awò kan fún mi, awò iṣẹ́ rẹ̀ àtijọ́ tó ń sọ nǹkan kékeré di ńlá, ó ní kí n wò. Mo rí ẹnu. Ẹnu kéékèèké tí kò lóǹkà, ọwọ́ wẹ́wẹ́ yí ẹnu kọ̀ọ̀kan ká, wọ́n ń mú oúnjẹ nínú omi. Lọ́jọ́ Àìkú, mo pe ìyá mi kí n lè sọ fún un. Ìdòwú àbúrò mi, tó ń dáko ní Okpomèta, ló máa ń gbé fóònù dání fún un.

"Iyùn ń jẹun?" ni ìyá mi wí.

"Ó ń jẹun, Ìyá."

"Ó tún ń yàgbẹ́?"

"Ó ń yà á."

"Ìdòwú, gba pọ́tábù rẹ. Ẹ̀gbọ́n rẹ ti ń mutí níbẹ̀."

Ẹ̀rín ìyá mi ni mo fi ń gbé ọ̀sẹ̀. Àmọ́ ọdún yẹn náà ni ojú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú. Ìdòwú gbé e lọ sí ọpitáàlì ní Kétu, wọ́n ní ó ti pẹ́ jù, pé oògùn lè fà á sẹ́yìn díẹ̀ ṣùgbọ́n kò lè dá a padà. Ojú ọ̀tún ló kọ́kọ́ lọ. Ó wá ń fi ti òsì wò mí nínú fóònù, á sún mọ́ ọn, á sún mọ́ ọn, títí tí n ó fi máa rí ihò imú rẹ̀ nìkan.

"Mo ṣì ń rí ọ," á ní. "Àmọ́ ó dà bíi pé o wà nínú èéfín. Máa bọ̀ o. Wá jẹ́ kí n wò ọ́ kí ilẹ̀kùn yìí tó tì. Ojú lọ̀rọ̀ wà, ọmọ mi. Kò sí nínú pọ́tábù."

N kò lè lọ. N kò ní ìwé ìgbélùú. Bí mo bá jáde nílẹ̀ Faransé láìní káàdì lọ́wọ́, ọ̀nà ti dí lẹ́yìn mi nìyẹn, oògùn ojú tí owó mi ń rà á sì dá. Mesíyé nìkan ló lè ṣí ọ̀nà yẹn. Ó ní òun á kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù fún peréfẹtì, ọ́fíìsì ìjọba tó ń fúnni ní ìwé, pé iṣẹ́ kan wà nílé òun tí ẹlòmíràn kò mọ̀ ọ́n ṣe. Kò sì parọ́. Ọmọbìnrin rẹ̀ tó ń gbé ní ìlú ńlá ti ń sọ ọ́ tipẹ́ pé kó ta àpótí náà, kó wá máa gbé ní ilé àwọn arúgbó nítòsí òun. Èsì kan ṣoṣo ni Mesíyé máa ń fún un: "Ta ni á wá tọ́jú ẹja ìyá rẹ?" Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe so kọ́ra nìyẹn. Bí ẹja bá wà, Mesíyé wà nílé. Bí Mesíyé bá wà nílé, iṣẹ́ wà. Bí iṣẹ́ bá wà, ìwé wà, mo sì lè lọ gbé ojú mi síwájú ìyá mi kí tirẹ̀ tó kú. Ohun tí mò ń rò nìyẹn bí mo bá ń nu gíláàsì.

Fọ́ọ̀mù náà wà lórí tábìlì, ìgò iyọ̀ ló tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ọwọ́ Mesíyé kò ṣeé fi kọ̀wé sínú àwọn àpótí kéékèèké ojú ìwé náà mọ́, ó ń dúró de ọmọbìnrin rẹ̀ kó wá bá a kọ ọ́ lọ́jọ́ Sátidé kan. Sátidé ń lọ, Sátidé ń bọ̀.

Èmi ni mo kọ́kọ́ rí aràn. Iyùn kan wà láàárín àpótí náà tó yọ ẹ̀ka bí ìwo àgbọ̀nrín, àwọ̀ aró ni. Mo rí i pé ó ń ṣá, àmì róbótó róbótó funfun sì ń jáde lára rẹ̀ bí ìgbà tí nǹkan bu ibẹ̀ jẹ. Mesíyé ní iná ló pọ̀ jù. Mo ní rárá o, ẹnu ni mo rí níbẹ̀. Mo mú rọ́bà rògòdò tí a fi ń fún wọn lóúnjẹ, mo fi fẹ́ omi lù ú gidi. Nǹkan kan já lára rẹ̀ bí èèpo ẹ̀wà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í lúwẹ̀ẹ́.

"Madamu!" Mesíyé fi awò lé e, ohùn rẹ̀ gbọ̀n ju ọwọ́ rẹ̀ lọ. "Aràn pẹlẹbẹ! Mo ti ń wo iyùn yìí fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, n kò rí i!"

Ọlọ́gbọ́n aràn ni: àwọ̀ iyùn tó ń jẹ náà ló ń gbé wọ̀. A yọ àwọn iyùn náà lọ́kọ̀ọ̀kan, a rì wọ́n bọnú garawa oògùn, mo ń mì wọ́n, aràn ń já sílẹ̀. Mesíyé kọ́ mi pé oògùn kì í pa ẹyin wọn, pé ẹyin náà wà níbi tí ara iyùn ti kú, ó lẹ̀ mọ́ ọn bí ẹrẹ̀ tó gbẹ. N ó fi ọ̀bẹ ha á, ọ̀sẹ̀ á yí po, a ó tún rì wọ́n. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà la fi ṣe é. Ní ọ̀sẹ̀ keje, ẹ̀ka ìwo àgbọ̀nrín yẹn tún bẹ̀rẹ̀ sí í gba àwọ̀ aró rẹ̀ padà látorí wá sídìí. Mesíyé pe ọmọ rẹ̀, ó sì sọ ọ́ kí n lè gbọ́: "Madamu ní ojú. Ìyá rẹ gan-an kò ní ojú báyìí." Mo ra iṣu lọ́jọ́ yẹn, mo dín in, mo sì jẹ ẹ́ lójú fèrèsé bí ẹni tó ń ṣọdún. Ọjọ́ tí inú mi dùn jù lókè òkun nìyẹn, n kò ní purọ́.

Àwọn aràn pupa dé lẹ́yìn ìyẹn, pẹ̀lú òkúta tuntun kan tí Mesíyé rà. Níbi tí omi kì í ti í yí púpọ̀, mo rí àmì pupa lórí iyanrìn bí ìkán epo pupa. Lọ́jọ́ kejì ó di mẹ́wàá. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ó ti bo ara gíláàsì lápá kan. Mo gbé awò sí i: pẹlẹbẹ ni, ìrù rẹ̀ là sí méjì, ó ń yọ́ rìn. Mesíyé ní èyí kì í jẹ iyùn, ńṣe ló máa ń sùn lé e lórí títí iyùn kò fi ní rí ìmọ́lẹ̀ mọ́.

"Èyí rọrùn-ún pa ju ti àkọ́kọ́," ó ní, "àmọ́ májèlé wà nínú rẹ̀. Tí ọ̀pọ̀ rẹ̀ bá kú sínú omi lẹ́ẹ̀kan náà, ẹja á kú. Nítorí náà, ẹ ó kọ́kọ́ fi rọ́bà fà wọ́n jáde láràárọ̀ títí wọ́n á fi dín kù. Ìgbà yẹn la tó máa kán oògùn sí i. Lẹ́yìn náà, èédú, àti omi tuntun, omi tuntun púpọ̀."

Ó ka orúkọ oògùn náà fún mi, mo bú sẹ́rìn-ín. Oògùn aràn àgùntàn ni! Baba mi ń fún àwọn àgùntàn wa ní oògùn yẹn gan-an, èmi ni mo máa ń di ẹnu wọn mú. Láti ìgbà tí mo ti dé ilẹ̀ Faransé, n kò tíì bá nǹkan pàdé tí mo mọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Mo ní lọ́kàn ara mi pé, aràn, ìwọ ló tún kù? Ó yẹ kí n ti bẹ̀rù níbẹ̀. Ìgbà tí èèyàn bá rò pé òun ti mọ ibi tó wà ló máa ń fẹsẹ̀ kọ.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti aràn tiwa. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, sòbìà mú ìyá mi. Inú omi ọ̀gọ̀dọ̀ tí a ń mu bí kànga bá gbẹ ló ti wọlé sí i lára. Odidi ìgbà ọ̀gbìn ló fi dùbúlẹ̀, aràn funfun ń jáde ní ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀, wọ́n ń fi igi kékeré ká a díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́, torí bó bá já, wàhálà ni. Ọdún yẹn, àgbàdo wa kò tó jẹ. Lẹ́yìn náà ni àwọn òṣìṣẹ́ ìlera wá sábúlé, wọ́n fún ilé kọ̀ọ̀kan ní aṣọ funfun kan tí ojú rẹ̀ kéré, wọ́n ní kí a máa fi sẹ́ omi. Ìyá mi gbà á bí ẹni gba ọmọ. Ẹni tí ejò bá ti bù ṣán rí, bó bá rí ekòló, á sá. Èmi ló fi ṣe olùṣọ́ aṣọ náà. N ó ta á sẹ́nu ìkòkò, n ó da omi lé e, n ó sì fún un títí kò fi ní kán mọ́, torí omi kò gbọdọ̀ ṣòfò. Láti ìgbà náà, sòbìà kò wọ ilé wa mọ́. Nígbà tí mò ń bọ̀, ìyá mi gé nínú irú aṣọ yẹn, ó ká a sáàárín ẹrù mi.

"Sẹ́ omi wọn kó o tó mu ún," ó ní. "Ẹni tó bá ń sẹ́ omi rẹ̀, kò sí ohun tó máa ṣe é."

Ní ọ̀sẹ̀ tí mò ń sọ yìí, ọmọbìnrin Mesíyé wá gbé e lọ sí ọpitáàlì fún àyẹ̀wò ọkàn, ọjọ́ mẹ́ta. Ó kù díẹ̀ kí wọ́n jáde nígbà tí Mesíyé yíjú padà.

"Ẹ fà wọ́n láràárọ̀, Madamu. Ohun tó bá jáde, ẹ dà á nù. Lọ́jọ́ Sátidé tí a bá padà dé, Kílẹ́ẹ̀ á bá mi kọ fọ́ọ̀mù yín." Kílẹ́ẹ̀ ni orúkọ ọmọ náà. Ó mi orí sí mi, kò rẹ́rìn-ín, àmọ́ ó mi orí.

Ọjọ́ àkọ́kọ́, mo fà, mo da garawa mẹ́rin nù, mo sì fi omi tuntun dípò. Mo wo inú àgbá tí a ń po omi tuntun sí: ó ti já sí ìdajì. Ẹ̀rọ tó ń yọ́ omi náà mọ́ kì í yára, ìkán, ìkán. Mo ṣírò rẹ̀ pé bí mo bá tún da mẹ́rin nù lọ́la àti mẹ́rin lọ́tùnla, omi kò ní kù fún ọjọ́ oògùn, ọjọ́ tí Mesíyé ní a máa nílò omi púpọ̀. Òótọ́ lèyí. Àmọ́ kì í ṣe òun nìkan. Ó ń dùn mí. Ọdún kan ààbọ̀ ni mo ti ń da omi nù, ó ṣì ń dùn mí.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo lọ mú aṣọ ìyá mi.

Mo ṣẹ́ ẹ po sí méjì, mo fi rọ́bà dè é mọ́ ẹnu garawa. Mo fa aràn. Omi ń wọlé sísàlẹ̀, ó mọ́ kedere, aràn sì ń kó jọ sórí aṣọ, wọ́n pupa bí ìgbà tí epo dà sára ìró. Mo fà títí gíláàsì fi mọ́. N kò rí irú ìmọ́tótó bẹ́ẹ̀ rí. Mo ya fọ́tò aṣọ náà, mo fi ránṣẹ́ sí Ìdòwú: sọ fún Ìyá pé aṣọ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ nílẹ̀ Faransé. Mo wá tú aṣọ náà, mo ká a jọ bó ṣe wà pẹ̀lú aràn inú rẹ̀, mo sì fún un. Mo fún un dáadáa, ọwọ́ méjèèjì, títí kò fi kán mọ́. Omi inú rẹ̀ bọ́ sínú garawa pẹ̀lú ìyókù, mo sì gbé garawa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, mo dà wọ́n padà sínú àpótí. Ìkán kan kò ṣòfò.

Mesíyé ti sọ fún mi pé kí aràn má kú sínú omi. Mo sì ti kó aràn kúrò nínú omi. Èmi kò mọ̀ pé tí a bá tẹ̀ ẹ́, májèlé rẹ̀ a máa já aṣọ kọjá. Sòbìà kì í já a kọjá.

N kò tíì se ìrẹsì mi jinná tí mo fi rí i pé ẹja aláwọ̀ aró ń pòyì. Òun ni àgbà ẹja ibẹ̀, ìyàwó Mesíyé ló rà á, ó máa ń wá sídìí gíláàsì bí mo bá wọlé. Ó fi ẹ̀gbẹ́ kan lélẹ̀, ẹnu rẹ̀ ń ṣí, ó ń pa dé, ó ń ṣí. Àwọn kéékèèké ti gòkè, wọ́n ń gbá afẹ́fẹ́ mu. Mo pariwo, ní èdè wa, nínú ilé tí ẹnikẹ́ni kò sí. Mo da èédú sí i. Mo fa omi, mo sì ń dà á nù báyìí, mo ń dà á nù bí wèrè, ilẹ̀ balùwẹ̀ kún. Mo da gbogbo omi àgbá sí i, gbogbo omi tí mo tìtorí rẹ̀ ṣahun. Kí oòrùn tó kúrò lójú fèrèsé, gbogbo wọn ti kú. Ẹja mọ́kànlá. Mo tẹ́ wọn sórí aṣọ ìnuwọ́ ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn, n kò mọ ìdí tí mo fi ṣe bẹ́ẹ̀.

Mo lè purọ́. Ẹ má rò pé n kò rò ó. Mo lè sọ pé iná lọ, pé ẹ̀rọ kú. Fọ́ọ̀mù wà lórí tábìlì, mò ń wò ó. Ṣùgbọ́n nígbà tí Mesíyé wọlé lọ́jọ́ Sátidé, tó dúró síwájú àpótí náà pẹ̀lú kóòtù lọ́rùn, gbogbo irọ́ tí mo ti tò jọ tú ká. Mo sọ fún un, ti ọ̀gọ̀dọ̀, ti sòbìà, ti aṣọ. Mo rò pé á bú mi. Ó ní kí n gbé aṣọ náà wá. Ó jókòó, ó gbé awò rẹ̀, ó sì wo aṣọ ìyá mi fún ìgbà pípẹ́.

"Ẹ fún un?" ó ní.

"Mo fún un, Mesíyé."

"Bí ẹni tó ń sẹ́ omi fún èèyàn." Ó gbé awò náà sílẹ̀. "N kò sọ ìdí rẹ̀ fún yín. Mo ní kí ẹ dà á nù, n kò sọ ìdí."

Ìbá dára kó ti bú mi. Kílẹ́ẹ̀ kò bú mi náà. Ó gbé ìgò iyọ̀ kúrò lórí fọ́ọ̀mù, ó kà á, ó sì wo baba rẹ̀. Baba rẹ̀ wo ilẹ̀. "Iṣẹ́ wo la máa kọ síbẹ̀ báyìí, Papá?" ni obìnrin náà wí, jẹ́jẹ́ ló sì wí i. Ó gbé fọ́ọ̀mù náà padà sórí tábìlì láìkọ nǹkan kan sí i. Kó tó di ìparí oṣù, ó ti fi mọ́tò gbé Mesíyé lọ sí ilé àwọn arúgbó. Àwọn ọkùnrin méjì wá ra iyùn, wọ́n kó wọn sínú ọ̀rá lọ́kọ̀ọ̀kan. Èmi ni wọ́n ní kí n da omi tó kù nù. Mo dà á nù. Ọwọ́ mi kò gbọ̀n.

Mo ti padà sídìí abọ́ fífọ̀ báyìí, àti sórí bẹ́ẹ̀dì tẹ́ẹ́rẹ́. Tantí Sidoní ní ọ̀nà mìíràn á ṣí. Ó máa ń sọ ọ́ bí ẹni ń sọ pé òjò máa rọ̀. Èmi kò gbà á gbọ́ mọ́, mo sì ti yé díbọ́n pé mo gbà á gbọ́. Àwọn èèyàn a máa sọ pé ẹni tó wà lókè òkun kò sí nílé, kò sì sí lájò. Èyí tó burú jù ni pé ohun tó gbà wá là nílé ni mo gbé wá síbí, òun náà ni mo fi pa ohun tó yẹ kó gbà mí. N kò mọ èwo nínú ohun tí mo mọ̀ ni mo tún lè gbọ́kàn lé. Mo ti yé kí ara mi nínú dígí.

Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, mo pe ilé. Mò ń sẹ́ omi lọ́wọ́ ní ilé ìdáná Tantí Sidoní, omi ẹ̀rọ tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀. Ó ti di bárakú.

"Ìdòwú, yí fóònù sí ojú Ìyá."

"Mo ti yí i síbẹ̀, ẹ̀gbọ́n."

Mo rí ìyá mi kedere. Kò sún mọ́ fóònù. Ó jókòó sórí àpótí rẹ̀ lábẹ́ àtíbàbà, ó sì kọjú sí ọ̀nà, sí apá ibi tí èèyàn máa ń gbà wọlé.

"Ìyá, èmi rèé. Ẹ wo ibí."

"Mo ń gbọ́ ọ," ó ní. Kò yíjú. "Ó ti tì, ọmọ mi. Láti Ọjọ́rú. Má sunkún, kò dùn mí."

N kò sunkún. Omi ń já sínú garawa, ìyá mi sì gbé orí sókè.

"Kí ni mò ń gbọ́ yẹn? Ṣé omi lò ń sẹ́?"

"Omi ni, Ìyá."

"Aṣọ tí mo fún ọ?"

"Òun ni."

Ẹ̀rín bo gbogbo ojú rẹ̀, ó ń rín in sí ọ̀nà tí kò sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀. "Ìdòwú sọ fún mi. Ó ní aṣọ mi ń ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ òyìnbó. Mo sọ fún gbogbo ilé." Ó na ọwọ́, ó ń wá etí fóònù kiri kó lè fọwọ́ pa á. "Máa sẹ́ ẹ, ọmọ mi. Ẹni tó bá ń sẹ́ omi rẹ̀, kò sí ohun tó máa ṣe é."

Mo ní, "Àmín, Ìyá."